Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tí Mo Jù Sínú Omi Ìsọmọlórúkọ

Àwa tí a wà nínú pálọ̀ mi ní Odigbo láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ẹnì kan pamọ́. Alàgbà Ìgbẹ́kẹ̀lé, tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Fadékẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jókòó sórí àga tó tóbi jù. Olúfúnṣọ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Lydia, ìyàwó rẹ̀. Ìyá Lydia, tó ti Àgbọ̀ wá. Àmúsà awakọ̀, tó gbé e wá, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Àti èmi.

Alàgbà àti Fadékẹ́ ti kú. Àwọn yòókù wà láàyè, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ọmọ náà, tó wá lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń wọ ilé mi jókòó.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa kò tó nǹkan. Èmi ni wọ́n máa ń wá bá nínú agbo ilé bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó bí ta ni, ibi tí ìyá àgbà lágbájá ti wá, àti ìdí tí àwọn ìdílé kan kì í fi fẹ́ra. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí tì mí lójú nìyẹn. Ẹlòmíràn lè ní òun kò mọ̀. Èmi mọ̀.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Pius, ọkọ mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ore, nítòsí oríta. Ọjọ́ tó fẹ́ mi ló ti ṣèlérí ẹ̀gbà wúrà fún mi, ṣùgbọ́n wúrà oníbàárà ló ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, tiwa kò wá.

"Ìyàwó alágbẹ̀dẹ wúrà tó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ ike." Bí Fadékẹ́ ṣe máa ń pè mí nìyẹn, á sì fi ẹ̀rín sí i.

Ogun dé Ore lọ́dún 1967. A sá lọ sí abà wa ní Araromi-Obu. Nígbà tí a padà, wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti kó gbogbo irinṣẹ́. Owú tí Pius ń lu wúrà lé lórí nìkan ló kù, nítorí ó wúwo jù fún wọn láti gbé.

Èèpo ọta ìbọn ló wà nílẹ̀ káàkiri, bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ ẹ̀pà tí kò gbálẹ̀. Idẹ ni wọ́n. Pius ṣa díẹ̀ wálé. Ó fi iyanrìn àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, ó yọ́ wọn, ó sì rọ ẹ̀gbà ọwọ́ kan fún mi. Ó gé ìdí mẹ́ta lára àwọn èèpo náà sílẹ̀ láìyọ́, ó jó wọn mọ́ ara ẹ̀gbà náà bí ẹni jó òkúta olówó iyebíye mọ́ òrùka. Ìdí kọ̀ọ̀kan rí roboto bí ojú, ó sì jìn wọnú díẹ̀ láàárín, níbi tí irin ìbọn ti gbá a kí ọta tó jáde.

Ó rẹwà. N kò ní parọ́ fún yín. Ó ń dán ju wúrà lọ.

"Wọ èyí ná," Pius ní. "Bí wúrà bá dé, n ó pààrọ̀ rẹ̀."

"Níbo lẹ ti ṣa àwọn èèpo yìí?"

"Ẹ̀yìn ibi ìlagi."

Gbogbo Ore ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ibi ìlagi. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin kan lọ síbẹ̀, àwọn àlejò tó ti ń bá wa gbé tipẹ́ kí ogun tó dé, wọn kò sì padà wá. Àwọn tó kó wọn lọ wọṣọ ogun. Ìhà tí wọ́n ti wá, n kò mọ̀, n kò sì bèèrè.

Pius tún sọ̀rọ̀, bí ẹni pé mo ti bá a jà. "A kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ ni mo ṣà."

Mo na ọwọ́ mi, ó sì fi ẹ̀gbà náà bọ̀ ọ́.

Wúrà kò dé. Àìsàn mú Pius lọ, ó fi èmi àti Olúfúnṣọ́ sílẹ̀. Mo padà sí ilé wa ní Odigbo. Láti ìgbà náà, n kò bọ́ ẹ̀gbà yẹn mọ́. Mo ń fi í sùn, mo ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń fi í lọ sóko. Bí mo bá ń ronú, màá fi ìka mi sínú àwọn ojú mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo sì máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ agbo ilé. Bí a ṣe sá, bí a ṣe padà, bí ọkọ mi ṣe sọ ohun ogun di ohun ẹ̀ṣọ́. Màá sọ ti ibi ìlagi pẹ̀lú. Ó máa ń dùn mọ́ mi bí ojú àwọn ọmọ náà ṣe ń là tí mo bá dé ibẹ̀.

Ọmọ mi náà wà lára àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí Olúfúnṣọ́ fẹ́ mú Lydia wálé, òun nìkan ló kọ́kọ́ wá. Olùkọ́ ni ní Ore nígbà náà. Mo ń yan gàrí lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé.

"Ìyé," ó ní. Bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá ẹni nìyẹn. "Ọmọ Àgbọ̀ ni o."

"Àgbọ̀ náà kọ́ ló burú. Ta ni bàbá rẹ̀?"

"Bàbá rẹ̀ ti kú. Ore níbí ló kú sí. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbi ìlagi."

Ọwọ́ mi dúró lórí gàrí. "Nígbà ogun?"

"Nígbà ogun, Ìyé. Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọmọ ọwọ́ ni Lydia. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n sá lọ, kò sì tẹ Ore mọ́ láti ìgbà náà."

Ó wo ọwọ́ mi. Èmi náà wò ó. Gàrí ti ń jó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyé. Ẹ bọ́ ọ. Ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ níwájú rẹ̀ láéláé."

"Bàbá rẹ ló rọ ọ́ fún mi."

"Mo mọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Ẹ kàn gbé e pamọ́."

"Ó dáa. Mo gbọ́."

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ní mo gbọ́! Àbí kí n kúnlẹ̀ fún ọ ni?"

Ó dúró síbẹ̀, kò kúrò lójú kan, títí mo fi sọ ọ́ lẹ́nu mi pé mo ṣèlérí.

Ọṣẹ ni mo fi bọ́ ọ. Ibi tó ti wà lọ́wọ́ mi mọ́ ju gbogbo ara mi lọ, bí ara ìkókó. Mo fi ẹ̀gbà náà sínú agolo bisikíìtì, mo sì tì í sábẹ́ ibùsùn. Ó dà bíi pé mo tún sin Pius lẹ́ẹ̀kejì.

Lydia kì í ṣe ọmọ tí ènìyàn lè rí kó má fẹ́ràn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kìíní tó wá, bó ṣe ń gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ bọ́ sí ibi tó mọ́ yẹn.

"Màmá, kí ló wà lọ́wọ́ yín níbí tẹ́lẹ̀?"

"Aago ni," mo dáhùn kíá. "Ó ti bàjẹ́."

"Ẹ fi sílẹ̀. Èmi yóò ra òmíràn fún yín."

Ó sì fẹ́ rà á lóòótọ́, bí kì í bá ṣe pé ìlú le. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba ni. Kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà, ọṣẹ gan-an di ohun tí wọ́n ń tò fún. Ní Ore, àwọn ṣọ́jà a máa fi kòbókò tún ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ṣe lórí ìlà. Lydia lóyún, ó sì lọ tò nínú oòrùn. Agolo mílíìkì méjì ló rí gbà. Ó gbé ọ̀kan wá fún mi ní Odigbo.

"Ìwọ tó lóyún ló yẹ kó o mu ún," mo ní.

"Èmi ti ní tèmi, Màmá. Ti yín nìyí."

Ẹ rántí agolo mílíìkì yẹn bí ẹ bá ń ka ohun tí mo fi san án fún un.

Nínú agbo ilé wa, ìyá bàbá ọmọ ló máa ń ju ohun ẹ̀ṣọ́ kan sínú omi ìsọmọlórúkọ. Kì í ṣe ohun tuntun, kì í ṣe ohun tí a yá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ti bá ara rẹ̀ gbé. Yóò jù ú sómi, yóò sọ orúkọ tirẹ̀. Ìyá ìyá ọmọ ló kàn láti sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi yẹn kan ọmọ lẹ́nu, ohun ẹ̀ṣọ́ náà á sì di ti ọmọ.

Olúfúnṣọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oyún ṣe hàn ló ti mú ẹ̀wọ̀n fàdákà tín-ín-rín kan wá fún mi. "Ẹ máa wọ̀ ọ́ láti ìsinsìnyí, Ìyé, kó lè mọ ara yín kí ọmọ tó dé."

Mo wọ̀ ọ́. Ó ń yún mi lọ́rùn. Tàbí ọkàn mi ló ń yún mi.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, Fadékẹ́ wá bá mi ṣa ẹ̀wà.

"Ìyàwó Pius, kí lo fẹ́ jù sómi? Má sọ pé okùn tín-ín-rín ọrùn rẹ yẹn."

"Fàdákà ni, Ìyáàlé."

"Fàdákà! Òrùka wúrà ni èmi jù fún ọmọ Ọláyídé ọmọkùnrin mi. Gbogbo Odigbo ló rí i." Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi, òrùka méjì ń dán níbẹ̀. "Wò ó, bí ó bá ṣòro, mú ọ̀kan. N ó yá ọ."

"A kì í yá a. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ta ni yóò mọ̀? Àwọn àna rẹ láti Àgbọ̀? Kí wọ́n wá rí i pé alágbẹ̀dẹ wúrà ni ọkọ rẹ lóòótọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí mo bá gba òrùka yẹn, èmi àti Moyọ̀sọ́lá ọmọ ọmọ mi ì bá jọ máa sùn nínú ilé kan náà ní gbogbo ìsinmi. Ṣùgbọ́n n kò lè gba nǹkan lọ́wọ́ Fadékẹ́. Ẹ̀jẹ̀ mi kò gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa agolo bisikíìtì yọ. Mo ní kí n kàn wò ó ni.

Ó ṣì ń dán. Mo fi bọ ọwọ́, ó sì jókòó sí ibi tí ó ti ń jókòó. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀. Lydia kò rí i rí. Ìyá rẹ̀ kò rí i rí. Ta ni yóò mọ̀ pé èèpo ọta ni? Pius kò ní sí níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, àfi bí mo bá mú un dé ibẹ̀. Ṣé fàdákà ọjà ni kí ọmọ ọmọ Pius fi ṣe ohun ìní?

Mo wọ bùláòsì alápá gígùn lé e lórí.

Àmúsà gbé Ìyá Lydia dé nígbà tí oòrùn ń yọ. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ore, nítorí ibẹ̀ ló ti gbé rí.

"Àna mi, ẹ kú ìrìn o. Ọ̀nà jìn."

"Ọ̀nà kò jìn o, àna mi. Ore ló jìn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo di ojú mi nígbà tí a fẹ́ dé ibẹ̀. Mo ní kí Àmúsà sọ fún mi bí a bá ti kọjá."

"Mo sáré já a, Ìyá," Àmúsà ní láti ẹ̀yìn. "Ojú pópó gan-an kò mọ̀ pé a kọjá."

Mo dì mọ́ ọn. Mo mọ̀ ọ́n lára bí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí, ẹ̀gbà náà sì wà láàárín ọwọ́ mi àti ẹ̀yìn rẹ̀, lábẹ́ aṣọ. Bí mo bá sọ pé n kò ronú nípa rẹ̀ nígbà náà, irọ́ ni. Mo ronú nípa rẹ̀, mo sì tún dì mọ́ ọn sí i.

Kò sí ṣúgà, nítorí náà oyin àti ìrèké ni a tò sílẹ̀. Alàgbà gbàdúrà, ó gbé ọmọ lọ́wọ́ òsì, abọ́ omi tánganran sì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Olúfúnṣọ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Moyọ̀sọ́lá."

A ní àmín. Ó kàn mí. Mo ká apá aṣọ mi sókè.

Olúfúnṣọ́ rí i. Mo rí i pé ó rí i. N kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo bọ́ ẹ̀gbà náà, mo sì jù ú sínú omi. Ó dún lára tánganran bí aago ṣọ́ọ̀ṣì kékeré.

"Olúfúnmilọ́lá," mo ní.

Fadékẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó Pius! O ò kéré!"

Ó kan Ìyá Lydia. Ó dìde, ó di owó ẹyọ kan mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

"Alàgbà, orúkọ tí mo gbé wá gùn díẹ̀ o. Ẹ rọra pè é, kó má baà ṣẹ́ yín léyín."

"Eyín wo ló kù, Ìyá?" Alàgbà dáhùn. "Ẹ sáà máa sọ ọ́ bọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò tún sí ẹ̀rín nínú pálọ̀ yẹn mọ́ láti ìgbà náà, bí kì í bá ṣe ti rédíò, títí di ìsinmi tó kọjá.

Ó tẹ̀ síwájú láti ju owó rẹ̀ sómi. Ó wo inú abọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Owó ẹyọ náà kò jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì wọ inú omi, ó yọ ẹ̀gbà náà, ó sì fi etí ìró rẹ̀ nù ún gbẹ.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni," mo ní. "Ohun àtijọ́ ni. Ọkọ mi olóògbé ló rọ ọ́."

"Èèpo ọta ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan ṣọ̀wọ́n nígbà náà."

"Níbo ló ti ṣà wọ́n, àna mi?"

Ohùn rẹ̀ kò le. Ó bi mí bí ẹni ń béèrè ibi tí mo ti ra aṣọ.

"Ojú títì," mo ní. "Ojú títì márosẹ̀. Ó wà káàkiri níbẹ̀."

"Ojú títì kẹ̀!" Fadékẹ́ tún pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó Pius, ìwọ kọ́ lo ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé ẹ̀yìn ibi ìlagi ni Pius ti ṣà á? Ìtàn tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí! Ṣé ojú àna ló ń mú ọ gbàgbé ni?"

Kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún òkú: Fadékẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa bàbá Lydia. Ó fẹ́ bá mi yangàn ni.

Alàgbà ti ti ìka bọ omi tẹ́lẹ̀, omi ń kán tó-tó-tó láti ìka rẹ̀ sórí tábìlì.

Ìyá Lydia fi ìka rẹ̀ sínú ojú kìíní lára ẹ̀gbà náà, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń ṣe. Ó bọ́ sí èkejì. Ó bọ́ sí ẹ̀kẹta.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó gbá ibí wọlé?" ó ní. "Irin ìbọn ni. Bí ó bá tẹ́jú, ọta rẹ̀ kò jáde nìyẹn. Àwọn yìí jáde." Ó tọ́ka sí Lydia láìwò ó. "Mo wà lẹ́yìn ògiri níjọ́ náà. Mo fi ọmú dí ọmọ yìí lẹ́nu kó má baà ké. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Ó hàn lójú Lydia pé ìyá rẹ̀ kò sọ ìyẹn fún un rí.

Lydia dìde. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ Alàgbà, ó sì fi aṣọ nu ẹnu ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kò tíì kàn án. Lẹ́yìn náà ló wo ọrùn ọwọ́ mi, níbi tó mọ́ yẹn.

"Màmá," ó ní, "aago ni ẹ sọ fún mi."

Mo fi ọwọ́ kejì bo ibẹ̀.

"Ìyé." Olúfúnṣọ́ ló sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣèlérí fún mi."

Lydia yíjú sí i. "Ìwọ náà mọ̀?"

"Lydia, jẹ́ kí n..."

"O mọ̀, o sì ń bá mi jẹun?"

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, kí ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n Fadékẹ́ ń wò mí, Alàgbà ń wò mí, awakọ̀ ń wò mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni èyí:

"Idẹ lásán ni. Ẹ má sọ idẹ lásán di ẹ̀jẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ilé mi."

Ìyá Lydia rìn wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí, ì bá sì dára bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì fi ẹ̀gbà náà bọ̀ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí Pius ṣe fi bọ̀ ọ́ fún mi.

"Ẹ máa wọ̀ ọ́," ó ní. "Ẹni tó bá bi yín, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti ṣà á fún un. Ẹ má tún sọ ojú títì mọ́."

Ó mú ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀, wọ́n jáde. Olúfúnṣọ́ tẹ̀ lé wọn. Àmúsà dé fìlà rẹ̀, kò kí mi. Mo gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe dún lọ. Orúkọ tí Ìyá Lydia gbé wá láti Àgbọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e padà lọ.

Alàgbà gbàdúrà kan tí kò gùn, ó mú Bíbélì rẹ̀, òun àti Fadékẹ́ sì jáde. Fadékẹ́ padà wá nígbà tó yá.

"Ìyàwó Pius, mi ò mọ̀ o. Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀."

Ó dúró díẹ̀, bóyá kí n ní kó jókòó. N kò ní kó jókòó. Títí ó fi kú, a kò jọ ṣa ẹ̀wà mọ́.

Mo da omi ìsọmọlórúkọ náà sídìí igi gúáfà lẹ́yìn ilé. Èèrà ti bo oyin. Mo sì ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rí: mo bọ́ ẹ̀gbà náà, mo dá a padà sínú agolo. Obìnrin yẹn ní kí n máa wọ̀ ọ́, kí n máa sọ òtítọ́ rẹ̀. N kò wọ̀ ọ́, n kò sì sọ ọ́. N kò sọ ìtàn kankan fún ọmọ agbo ilé mọ́. Nígbà tó ṣe, àwọn ọmọ náà kò wá mọ́.

Ó pẹ́ kí Lydia tó gba ọkọ rẹ̀ padà. Nígbà tó gbà á, wọ́n kó lọ sí Benin. Olúfúnṣọ́ máa ń wá ní ìparí ọdún. Ó máa ń gbé iṣu àti ìrẹsì wá, ó máa ń tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí bá mi sọ̀rọ̀, níbi tí Àmúsà dúró sí. Bí mo bá gbé omi fún un, á ní òun ti mu omi lọ́nà.

Èmi nìkan ni mo ń gbé ilé oníyàrá mẹ́fà. Mo máa ń se ọbẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn ń bọ̀, lẹ́yìn náà màá máa jẹ ẹ́ títí yóò fi kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní kí àwọn ìyá àgbà dìde pẹ̀lú ọmọ ọmọ wọn, mo máa ń wá nǹkan nínú àpamọ́wọ́ mi títí wọn yóò fi jókòó.

Nínú ìsinmi tó kọjá, Moyọ̀sọ́lá ní òun fẹ́ rí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni báyìí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kó wá. Ó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ń ka ìwé ìròyìn yìí, tí mo ń kọ èyí sí, fún mi sókè, nítorí ojú mi, Yorùbá rẹ̀ sì já geere. Ojú mi kò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ tó fẹ́ lọ, a jókòó sídìí igi gúáfà.

"Ìyá àgbà, ta ló sọ mí ní Moyọ̀sọ́lá?"

"Bàbá rẹ."

"Olúfúnmilọ́lá ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Ìyá mi àgbà ti Àgbọ̀ ńkọ́? Orúkọ wo ló sọ mí? Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló ní orúkọ láti ìhà ìyá wọn. Mo bi Mọ́mì, Mọ́mì ní kí n bi yín."

Lydia ní kó bi mí. Ẹ wo bí ọmọbìnrin yẹn ṣe tó. Kò bà mí jẹ́ lójú ọmọ ọmọ mi. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi láti sọ.

Mo ní, "Ìyá rẹ àgbà kò tíì ronú orúkọ kan nígbà náà ni."

Ó mi orí. "Kò burú," ó ní, ó sì gbé àpò rẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà títí n kò fi rí ọkọ̀ mọ́.

Ojú títì ni mo tún sọ fún un yẹn. Mo wọlé, mo fa agolo yọ, mo sì fi ẹ̀gbà náà bọ ọwọ́. Ó ti ṣókùnkùn, n kò fọ̀ ọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Nílé epo lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń ta epo ní, "Màmá, ẹ̀gbà yín rẹwà o, níbo lẹ ti rà á?" Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ibi ìlagi, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ìyá tó wà lẹ́yìn ògiri. Ó fi ṣẹ́ńjì owó epo mi lé mi lọ́wọ́, kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Moyọ̀sọ́lá, mo mọ̀ pé wàá ka èyí. Ìyá ìyá rẹ ní orúkọ kan fún ọ. Ó gbé e wá láti Àgbọ̀, ó gùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni n kò jẹ́ kó sọ ọ́. Lọ bá a ní ìsinmi tó ń bọ̀, kó tó darúgbó jù. Fọ abọ́ kan dáadáa, bu omi tó mọ́ sí i, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kó o sì ní kó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá béèrè ẹ̀gbà náà, sọ pé ó wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣà á. Bí ó bá sọ orúkọ náà fún ọ, máa jẹ́ ẹ. Má ṣe wá sọ ọ́ fún mi, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kó o sọ ọ́.